Ẹran Ìtukọ̀ Jọọlá

Ní etídò Ode Ugbo, kò sí obìnrin tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹran ìtukọ̀. Ẹni tó bá ń ti àjẹ̀ bọ omi ní apá ọ̀tún láti kékeré, bó pẹ́ bó yá, ẹran á gbá jọ sí ìhà òsì ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń tu tirẹ̀ ní òsì, ìhà ọ̀tún ni ẹran á ti yọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wọn wí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń wí fún ọmọ. Wọn kò kà á sí àrùn. Wọ́n tilẹ̀ fi ń yangàn. Obìnrin tí ikùn rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á ní ẹlòmíràn ló ń tù ú kiri.

Ti Jọọlá ló tóbi jù ní àdúgbò. Ọmọ Awoye ni. Sunday, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ apẹja, ló fẹ́ ẹ wá sí Ode Ugbo. Ọkọ̀ kékeré kan ló fi ń kiri ọjà láti ilé dé ilé lórí omi: búrẹ́dì, bọ́ǹsì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọṣẹ, ìṣáná. Apá ọ̀tún ló ti ń tukọ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ká àjẹ̀. Nígbà tí ìhà òsì ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kò dààmú. Nígbà tó yọ débi pé ìró kò fẹ́ ká a mọ́, Ṣìkẹ́mi ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń yan ẹja ní ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀, fi ìka tẹ ibẹ̀ wò.

“Ìwọ obìnrin yìí, iṣẹ́ wà lára rẹ o,” ni Ṣìkẹ́mi wí. “Wo bó ṣe le bí òkúta!”

Inú Jọọlá dùn.

Sunday nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ikùn náà kọ́kọ́ yọ, ó rò pé oyún ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Princess, tó ti wà ní ilé ìwé girama ní Ìgbókọ̀dá, lọ́dọ̀ àbúrò Sunday. Láti ìgbà tí wọ́n ti já Princess lẹ́nu ọmú ni wọ́n ti ń wá èkejì, wọn kò rí i. Sunday wá ń wo ikùn náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lóun nìkan, àmọ́ nǹkan oṣù Jọọlá kò yẹ̀, ó ń wá bí agbowó-orí. Nígbà tó yá, Sunday náà gbà pé ẹran ìtukọ̀ ni.

“Àmọ́ ẹran yìí ti gba àyè mi lórí ẹní,” ló máa ń wí. “Bí mo bá yí síbí, ó wà níbí. Bí mo bá yí sọ́hùn-ún, ó ti ṣíwájú mi débẹ̀.”

“Ṣé kí n gé e fún yín ni?”

“Máa fi òsì tukọ̀ fúngbà díẹ̀, kó lè dọ́gba.”

Jọọlá gbìyànjú ẹ̀. Ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ ni ọwọ́ òsì yìí. Ọkọ̀ yí po, ó tún yí po, ó sì lọ fi imú gbá òpó ilé ìdáná Ìyá Kọ́lájọ, tí ìkòkò ọbẹ̀ marúgbó fi mì lórí iná. Ìyá Kọ́lájọ ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó ṣì ń tukọ̀ ní àdúgbò náà. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

“Jọọlá! Ẹlẹ́rìndòdò tí ò ń tà yìí, ṣé ó ti ń pa ènìyàn ni?”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Dókítà Mùnírátù dé.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni dókítà yìí, ilẹ̀ gbígbẹ ló ti wá. Yunifásítì kan lókè ló ti ń ṣe ìwádìí nípa ilé ẹyin obìnrin àti ẹ̀dọ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé e dé ẹnu èbúté, ṣùgbọ́n ojú omi tó lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn kò gba ọkọ̀ ńlá, Jọọlá ni wọ́n sì ní kó wá gbé e. Dókítà wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wo inú ikùn lé itan, ó di ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì.

“Dókítà, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Kò ní sá lọ.”

“Ṣé omi yìí jìn?”

“Kò jìn. Ó kàn ga jù yín lọ díẹ̀ ni.”

Dókítà di ojú. Kò là á mọ́ títí wọ́n fi kanlẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi kọ́ ilé ìtọ́jú náà, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti jẹ páànù orí rẹ̀, ilẹ̀kùn iwájú sì ti bá omi lọ láti ọdún tí ìgbì pọ̀ jù. Aṣọ ni wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Kòfowórọlá, obìnrin Iléṣà kan tí ìjọba gbé wá síbẹ̀, ti pe àwọn obìnrin jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà Mùnírátù dìde, ó ṣàlàyé.

Ó ní obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ilé ẹyin méjì nínú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀ wà lókè wọn, bí ẹ̀dọ̀ bá sì ń wú nítorí oúnjẹ, ó jọ pé ilé ẹyin náà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn ti fi eku dán an wò ní yàrá ìwádìí. Àwọn eku tí wọ́n bọ́ ní ọ̀rá àti ṣúgà, ẹ̀dọ̀ wọn wú, ilé ẹyin wọn sì ń ṣe ségesège. Àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ènìyàn. Ìdí nìyí tí àwọn fi wá síbi tí àwọn obìnrin kan ṣì ń jẹ ẹja tútù lójoojúmọ́, tí àwọn kan sì ti yí sí oúnjẹ inú láílọ́ọ̀nù.

Ṣìkẹ́mi nawọ́. “Dókítà, ọ̀rá àti ṣúgà ni ẹ ń fún eku jẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀?”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ òfin rẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n má jẹ nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó wá. Kí wọ́n mu omi púpọ̀ kí àpò ìtọ̀ lè kún, òun ló máa jẹ́ kí ẹ̀rọ ríran dáadáa. Àwọn tí ara wọn dá ni ìwádìí náà sì ń fẹ́. Ẹni tí nǹkan bá ń ṣe nínú ikùn, kó tètè sọ.

Jọọlá gbọ́ ọ dáadáa. Kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí apá rẹ̀ le nítorí iṣẹ́ kò ní í lọ sọ fún dókítà pé apá òun le.

Ọjọ́ kejì, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Dókítà fi nǹkan yíyọ̀ kan tó tutù pa á níkùn, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ sikáànì lé ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ìhà ọ̀tún.

“Ìyá Princess, kí ni ẹ máa ń jẹ?”

“Oúnjẹ ni.”

“Irú èwo?”

Jọọlá ronú. Àwọn ẹja tó dára tí Sunday ń pa, Ìgbókọ̀dá ni wọ́n ń lọ; àwọn ará òkè ló ń jẹ wọ́n. Òun alára, inú ọkọ̀ ló ń jẹun. Bọ́ǹsì tí kò bá tà, òun ni oúnjẹ àárọ̀. Ẹlẹ́rìndòdò tí ìdérí rẹ̀ bá ti tú díẹ̀, òun ni omi. Bọ́ǹsì náà sì ń jáde láti inú òróró tí wọ́n ti fi dín ti àná àti ti ìjẹta. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

“Ẹ̀dọ̀ yín ti ń sanra,” ni dókítà wí. “Ó ti wú díẹ̀. Kò tíì bàjẹ́. Bí ẹ bá fi àwọn nǹkan yẹn sílẹ̀, á padà bọ̀ sípò.”

“Ẹ̀dọ̀ lè sanra kí n má mọ̀?”

“Kì í pariwo.”

Dókítà gbé ẹnu ẹ̀rọ wá sí ìsàlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó mi orí pé ó dára. Ó bọ́ sí òsì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ sì lọ.

“Èyí tó yọ síta yìí, ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?”

“Èyí? Ẹran ìtukọ̀ ni.”

“Kí ló ń jẹ́ ẹran ìtukọ̀?”

Jọọlá ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Dókítà gbọ́ ọ dé òpin.

“Ìyá Princess, eléyìí kì í ṣe ẹran ara. Kókó ni. Inú ilé ẹyin yín ti òsì ló wà. Ó tóbi tó àgbọn.”

“Àgbọn tí wọ́n ti bó, àbí èyí tí wọn kò tíì bó?”

“Èyí tí wọ́n ti bó.”

“Hẹn,” ni Jọọlá wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó jókòó, ó fa ìró rẹ̀ sókè. “Dókítà, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ ti ilé ẹyin, kí ló gbé e lọ sí òsì gan-an, témi náà sì ń fi ọ̀tún tukọ̀? Kí ló dé tí kò yà sí ọ̀tún?”

Aṣọ lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbọ́. “Òótọ́ ló sọ!” ni ohùn kan wí níta. “Ẹ bi í dáadáa!” ni òmíràn wí.

Dókítà Mùnírátù kò bá wọn jà. Ó jókòó, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ronú. Lẹ́yìn náà ló ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè.

“Ta ló tún ní ẹran ìtukọ̀ níbí?”

Gbogbo wọn nawọ́.

“Ó dára. Bó bá jẹ́ pé ìtukọ̀ ló fà á, ohun tó wà nínú Ìyá Princess, ó yẹ ká rí i nínú tiyín náà. Ẹ wọlé wá, kí gbogbo yín jọ wò ó.”

Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí wọn. Ìyá Kọ́lájọ ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, nítorí òun ló ti tukọ̀ jù. Ẹran tirẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀ ní ìhà òsì. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé e, àwọn obìnrin sì na ọrùn. Eérú-eérú ló kún ojú ẹ̀rọ, bí èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja.

“Kí lẹ rí nínú mi?” ni Ìyá Kọ́lájọ bèèrè.

“Ọ̀rá díẹ̀, Ìyá. Ìfun. Afẹ́fẹ́.”

“Afẹ́fẹ́ nìkan? Láti gbogbo ọdún yìí?”

“Ilé ẹyin yín náà nìyí. Ó ti súnkì, bó ṣe yẹ kó rí fún àgbà.”

“Ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn,” ni Ìyá Kọ́lájọ wí, ó dìde. “Ó ti ṣiṣẹ́.”

Ṣìkẹ́mi tẹ̀ lé e. Òsì ni òun fi ń tukọ̀, ọ̀tún sì ni tirẹ̀ yọ sí. Eérú kan náà ni wọ́n rí, ọ̀rá díẹ̀, ìfun. Ẹni kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ṣìkẹ́mi wá wo apá ibi tí nọ́ọ̀sì Kòfowórọlá dúró sí, tó di ìwé mọ́ àyà.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà, ẹ dùbúlẹ̀ ká wò yín.”

“Èmi kẹ̀? Èmi kò mọ ọkọ̀ tù.”

“Ìdí tí a fi fẹ́ wò yín gan-an nìyẹn.”

Wọ́n fi ẹ̀rín fà á títí ó fi dùbúlẹ̀. Ikùn nọ́ọ̀sì yọ lọ́tùn-ún, ó yọ lósì, ó tún yọ láàárín. Ọ̀rá kan náà. Ìfun kan náà.

“Nọ́ọ̀sì,” ni Ìyá Kọ́lájọ wí, “kí lẹ̀yin ń tù?”

“Ìrẹsì ni, Ìyá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà ṣe ń rọlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Obìnrin tí kò di àjẹ̀ mú rí ní ẹran ìtukọ̀ ju tiwọn lọ. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta, wọ́n kàn yàgò fún Jọọlá, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn rí i. Nǹkan róbótó kan ni, ó dá dúró, ó yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó yí i ká, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ sì ń tàn funfun. Kò sí irú rẹ̀ nínú ẹnikẹ́ni wọn. Ìyá Kọ́lájọ ló fi ọwọ́ lé èjìká Jọọlá.

“Ọmọ mi,” ló wí, “tìrẹ kì í ṣe tiwa.”

Dókítà sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo kókó ilé ẹyin ló jẹ́ jẹjẹrẹ, pé èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe é, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ojú ẹ̀rọ nìkan búra. Ó ní kókó tó bá tóbi tó báyìí lè lọ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan lójijì, bí okùn ṣe ń lọ́, kí ènìyàn sì máa ké lórí omi níbi tí kò ti sí dókítà. Ó ní kó lọ sí ilé ìwòsàn òkè kí wọ́n yọ ọ́. Ó tún ní òun kò lè ka Jọọlá mọ́ àwọn tó wà nínú ìwádìí mọ́, nítorí ìtọ́jú ló kàn án báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Jọọlá fẹ́ mọ̀.

“Bí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé màá tún lè bímọ?”

“Ti ọ̀tún dára. Ọ̀kan tó dára tó fún ọmọ bíbí. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá bá nínú ni yóò sọ, èmi kò ní í tàn yín.”

Sunday ń tún àwọ̀n ṣe nígbà tó délé. Jọọlá jókòó tì í, ó di etí àwọ̀n mú fún un, ó sì sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ó wá sọ èyí tó ti rò pa pọ̀ nínú ọkọ̀ bó ṣe ń bọ̀.

“Mo ti mọ bí a ó ṣe ṣe é. Dókítà ní ti ọ̀tún dára. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìyẹn bímọ ná. Tí mo bá ti bímọ tán, kí wọ́n wá yọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ yọ.”

Sunday gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀.

“Tí ìyẹn bá wá lọ́ pọ̀ kó tó di ìgbà náà ńkọ́?”

“Kò ní í lọ́.”

“Ṣé ìwọ lo so ó ni? Jọọlá, bí o bá kú, ta ni kí n wá bá bí i? Ìyá Kọ́lájọ?”

Jọọlá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gba ẹnu rẹ̀. Ó fi etí àwọ̀n bo ojú. Nígbà tó ṣí ojú, ó rí i pé Sunday kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

“Ìgbà wo ni ọkọ̀ dókítà ń padà?” ni Sunday bèèrè.

Wọ́n bá ọkọ̀ náà lọ. Ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè, ó ń jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rù omi ń ba dókítà, ẹ̀rù ọ̀bẹ ń ba Jọọlá. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú láti Ode Ugbo dé Ìgbókọ̀dá, láìsí ẹni tó mọ èwo nínú wọn ló ń tu èkejì nínú. Sunday jókòó síwájú wọn pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀nà wọn, àpò púpurú àti ẹja yíyan, ó ń ṣe bí ẹni pé òun kò rí wọn.

Ní ilé ìwòsàn òkè, Dókítà Adégbóyè ló máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Àgbà ni, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó pe tọkọtaya náà jókòó. Ó ní bí òun bá ṣí inú, òun á wò ó. Bó bá dára lójú, kókó náà àti ilé ẹyin òsì nìkan lòun á mú. Bó bá burú, tó jọ jẹjẹrẹ, ilé ọmọ àti ilé ẹyin méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde, kó má baà tàn ká. Nígbà náà, kò sí ọmọ mọ́.

“Ìsinsìnyí ni kí ẹ ti sọ fún mi ohun tó yẹ kí n ṣe bí mo bá bá a báyẹn,” ló wí. “Nítorí ẹ ó ti sùn.”

Bí àṣà, Sunday ni dókítà kọjú sí. Sunday la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde.

“Bàbá Princess, ẹ dúró ná,” ni Jọọlá wí.

Ó ń rántí ọjọ́ tí òkun dé ilé wọn ní Awoye. Ó rántí rẹ̀ ní gígùn àti ní ìbú: yàrá ni omi kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ilé ìdáná, ó fi pẹpẹ ẹja sílẹ̀, ó tún padà wá mú un. Bàbá rẹ̀ ń tú ilẹ̀kùn, nítorí igi ìrókò ni, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ fún omi. Ìyá rẹ̀ kò bá a tú ilẹ̀kùn. Ó gbé ọmọ kan sẹ́yìn, ó fa èkejì lọ́wọ́, ó ń rin inú omi lọ, kò sì wẹ̀yìn. Wọ́n sunkún nítorí ilẹ̀kùn náà fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè láti sunkún.

“Dókítà, bó bá burú, ẹ kó gbogbo rẹ̀. Kí èmi ṣáà jí.”

Dókítà Adégbóyè wo Sunday.

“Bó ṣe wí náà ni,” ni Sunday dáhùn. Ó wá rọra fi kún un pé, “Mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ẹnu ni kò jẹ́.”

Nígbà tí Jọọlá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ojú Sunday ló kọ́kọ́ rí, ó súnmọ́ ọn jù, ó tóbi bí òṣùpá. Dókítà Adégbóyè wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ti òsì nìkan la mú,” ni dókítà wí. “Ti ọ̀tún wà níbẹ̀. Kókó náà dán, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ó dára lójú mi. Ṣùgbọ́n ojú mi kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, yàrá àyẹ̀wò ni. Bí àwọn bá ní ó burú, a ó tún padà ṣí inú.”

Jọọlá lọ sí ilé àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìgbókọ̀dá láti máa retí èsì àyẹ̀wò. Ó ń jẹ ẹja sísè, ó ń jẹ ewébẹ̀, Princess sì ń ṣọ́ ọ bí wọ́dà. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀.

“Ìyá mi, kí lẹ fi bọ abẹ́ ìrọ̀rí yẹn?”

“Bíbélì ni.”

“Bíbélì tó ń rùn bí bọ́ǹsì?”

Ṣíṣe yẹ̀yẹ́ rọrùn ní ọ̀sán. Àmọ́ bí Jọọlá bá ti dá wà, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí ìhà ọ̀tún ikùn rẹ̀, á dúró síbẹ̀, bí ẹni di ọmọdé lọ́wọ́ mú láàárín ọjà.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n, Dókítà Mùnírátù náà ti wà nílé ìwòsàn. Ó dìde bó ṣe rí wọn.

“Kì í ṣe jẹjẹrẹ,” ló wí, kó tó kí wọn. “Ìyá Princess, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò sídìí láti tún ṣí inú.”

Sunday jókòó sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀, lórí àpò Dókítà Adégbóyè. Jọọlá kò jókòó. Ó ní kí dókítà tún un sọ. Dókítà tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkọ òun lè gbọ́.

“Mo ti gbọ́,” ni Sunday wí láti orí àpò.

“Ẹ jẹ́ kó tún gbọ́.”

Lẹ́yìn náà ni dókítà sọ pé nǹkan kan wà tí òun fẹ́ fi hàn wọ́n, bí àyà wọn bá gbà á. Ó gbé ìgò kan kalẹ̀. Kókó tí wọ́n yọ náà wà nínú omi, ó funfun, wọ́n ti là á sí méjì, inú rẹ̀ sì kún fún irun: irun dúdú, gígùn, tó ká jọ bí okùn àwọ̀n tó lọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ehín kan ṣoṣo yọ síta, ó mọ́ tónítóní.

Sunday dìde. Ó rìn sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

“Ta ni ẹni yìí?”

“Kì í ṣe ènìyàn,” ni Dókítà Mùnírátù wí. “Kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Inú ẹyin obìnrin ni gbogbo ẹ̀yà ara ti ń wá. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á kàn jí fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìní olórí: irun díẹ̀, awọ díẹ̀, ehín kan. Á máa dàgbà díẹ̀díẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n. Mo ti rí púpọ̀ irú ẹ̀, lára àwọn obìnrin tí kò rí òkun rí.”

Jọọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìgò náà látòkè, ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù kò bà á mọ́. Ohun tí ènìyàn bá ti rí ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Gbogbo ìgbà tí mò ń jẹ bọ́ǹsì,” ló wí jẹ́jẹ́, “eléyìí ń fi hu irun.”

“Kì í ṣe bọ́ǹsì ló dá a sílẹ̀ o,” ni dókítà wí. “Ti ẹ̀dọ̀ ni ti bọ́ǹsì. Ẹ má padà sí i.”

Ó wá bẹ Jọọlá. Ó ní àwọn fẹ́ gbé e lọ sí yàrá ìwádìí, kí àwọn lè mọ ohun tó ń jí irú ẹyin bẹ́ẹ̀ láìtọ́jọ́. Ó ní tirẹ̀ ni, bó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ parí.

“Ẹ gbé e,” ni Jọọlá wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lédè tí Ìyá Kọ́lájọ gbọ́.”

“Nínú ọkọ̀ kékeré yẹn?”

“Òun náà ni.”

Dókítà mí kanlẹ̀. “Màá wá.”

Sunday ti kúrò lára ògiri. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ Jọọlá, ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń fi ọwọ́ họ ọrùn.

“Dókítà,” ló wí, “ìyẹn ti ọ̀tún yẹn. Èyí tó kù. Ìgbà wo ni... mo ní, ṣé ènìyàn lè ti...”

“Bàbá Princess!” ni Jọọlá wí. “Ojú rírán yìí kò tíì jiná tán.”

“Mo kàn ń bèèrè ni. Ìbéèrè ìwádìí ni.”

Dókítà Adégbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò tí Sunday ti jókòó pa. Dókítà Mùnírátù kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀, kí inú jiná, lẹ́yìn náà kò sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́.

“Díẹ̀ báwo?” ni Sunday bèèrè.

Ẹ̀rín mú Jọọlá. Ó fi apá méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ mú ọkùnrin yìí jáde, pé ó ń dun òun, pé kí wọ́n má jẹ́ kó tún la ẹnu. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń sunkún, Sunday sì bẹ̀rẹ̀ tì í, ó ń bi í bóyá okùn ojú rírán ti já, títí Jọọlá fi fa etí aṣọ ọkọ rẹ̀, ó fi nu ojú ara rẹ̀, ó sì ní kó gbé òun dìde kí àwọn máa lọ sílé.